Haipọ́tẹ̀nùsì: ọ̀rọ̀ tó nà sábẹ́ igun

Bí ẹ bá ní kí ẹni mẹ́ta ka iye sílébù tó wà nínú hypotenuse, ẹ lè gbọ́ ìdáhùn mẹ́ta, kí gbogbo wọn sì tọ̀nà. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́rin ni. Lẹ́nu Gíríìkì tó ni ín, márùn-ún ni. Bí ọmọ Yorùbá bá fi ìlànà èdè rẹ̀ yá a lò, tó kọ ọ́ ní haipọ́tẹ̀nùsì, ó di mẹ́fà. Mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà: ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ẹyọ kan dín ni, ìbá bá 3, 4, 5 mu gẹ́lẹ́, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta onígun mẹ́ta Pythagoras tó gbajúmọ̀.

Hypotenuse ni ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù lára onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan jẹ́ dígírì 90. Bí ìwé iléèwé ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn, wọ́n á sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò sọ pé nǹkan kan gùn. Ohun mìíràn ló ń sọ, ẹni tó bá sì mọ ohun tó ń sọ kò ní ṣì í kọ, kò sì ní máa wá a níbi tí kò sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kà á. Lédè Yorùbá, kíkà rẹ̀ kò le. Fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni odo sílébù, ìyẹn ọkàn rẹ̀, ó sì ní ohùn tirẹ̀. Ẹ ka fáwẹ̀lì, ẹ fi kọ́nsónáǹtì aránmúpè aṣesílébù kún un bó bá wà, irú ǹ tó wà nínú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ti tán. Ha-i-pọ́-tẹ̀-nù-sì. Gẹ̀ẹ́sì kì í kà á bẹ́ẹ̀. Hy-pot-e-nuse ni ìwé atúmọ̀ èdè wọn máa ń pín in, ibi méjì péré ni tiwa sì ti yà kúrò lára tiwọn. Hy, tí wọ́n ń pè bíi «hai», sílébù kan ni lọ́dọ̀ wọn: ahọ́n á yọ̀ láti orí a lọ sórí i láì dúró. Lọ́dọ̀ tiwa, a àti i kì í jùmọ̀ gbé inú sílébù kan. Àìsàn kì í ṣe sílébù méjì, mẹ́ta ni: à-ì-sàn. Ibì kejì ni ìparí ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì gbà kí kọ́nsónáǹtì parí sílébù, Yorùbá kò gbà, nítorí náà s tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ rí fáwẹ̀lì fẹ̀yìn tì, a sì fún un ní ì. Mẹ́rin ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹyọ kan nítorí ha-i, ẹyọ kan nítorí sì: mẹ́fà pé. T tó parí pot kò dá wàhálà kankan sílẹ̀, a kàn sún un síwájú kó di ìbẹ̀rẹ̀ sílébù tó tẹ̀lé e. Ní ti e tó gbẹ̀yìn nínú àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní ìró rárá. Òun ló ń tan àwọn ọmọ jẹ tí wọ́n fi ń ka márùn-ún fún Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn àmì ohùn tí mo fi sórí haipọ́tẹ̀nùsì kì í ṣe àfiṣeré. Bí Yorùbá bá yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò, sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì fi agbára pè ló sábà máa ń gba ohùn òkè lọ́dọ̀ wa, èyí tó tẹ̀lé e á sì wálẹ̀: tísà, mọ́tò, kọ̀ǹpútà. Dókítà kò tẹ̀lé òfin yìí, àwọn mìíràn náà wà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ̀lé e pọ̀. Nínú hypotenuse, pot ni Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pọ́ fi wà lókè, tí tẹ̀-nù-sì wà nísàlẹ̀, tí ha-i sì jókòó sáàárín.

Ẹni tó bá fẹ́ pè é bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é, ibi mẹ́rin ni ahọ́n Yorùbá ti máa ń yọ̀ ṣubú.

Àkọ́kọ́ ni p. P tiwa kì í ṣe ètè nìkan là ń fi pè é. Ètè méjèèjì pàdé, ẹ̀yìn ahọ́n sì fara kan àfàsé, ìyẹn ẹ̀yìn àjà ẹnu tó rọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Àfàséfètèpè ni, bíi gb. P ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Gíríìkì, ètè nìkan ni. Àwọn àgbà tó yá paper lò gbọ́ pé kò jọ p tiwa, ìyẹn ló fà á tí bébà fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pépà títí dòní: àwọn kan rí i pé b sún mọ́ ọn ju p lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mú p ti òyìnbó, ẹ gbé ẹnu sí b bíi ti «bọ́ọ̀lù», kí ẹ wá tú èémí jáde láì jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun dún.

Èkejì ni fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé t. Wọn kì í pè é ní ẹ tó mọ́ gaara. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ẹnu á kàn la díẹ̀ láàárín t àti n. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń pa á jẹ tán.

Ẹ̀kẹta ló fara sin jù, mi ò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ nípa rẹ̀ tó. Lédè Yorùbá, u tó bá tẹ̀lé n máa ń gba imú kọjá bí a ò tilẹ̀ kọ n míì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbọ́ inú, ẹnu, sọnù. Imú ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo wọn. Nu ti Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀: n nìkan ló gba imú, u ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti tún un ṣe ni pé kí ẹ kọ́kọ́ pe «lùùsì», kí ẹ gbọ́ bí ù yẹn ṣe mọ́, bíi ti ìlù. Ẹ wá fi n rọ́pò l, kí ẹ má sì jẹ́ kí ù yẹn yí padà. Ó máa ń gba bíi ìgbà mẹ́wàá kó tó mọ́ èèyàn lẹ́nu.

Ẹ̀kẹrin ni ìparí. Ní Ìlú Ọba, nyuuz pẹ̀lú z ló wọ́pọ̀, àwọn mìíràn ń pè é ní nyuus. Ní Amẹ́ríkà, nuus ni ẹ máa gbọ́ jù. Yorùbá kò ní z, nítorí náà s la máa ń pè, kò sì sí ẹni tó lè fi ìyẹn bá wa jà níwọ̀n ìgbà tí ìwé atúmọ̀ èdè ti fi àyè gbà á. Ibi tí wọ́n ti lè bá wa jà ni haipotẹ́nùsì, tí a tẹ te mọ́lẹ̀ dípò pot. Àṣìṣe ni lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe é kò mọ̀ pé ibi tí Gíríìkì fi ohùn òkè sí gan-an lòun wà yẹn.

Ohùn ọ̀rọ̀ yìí ti ṣí kiri, ó sì tẹ̀lé òfin ní gbogbo ilé tó wọ̀. Lédè Gíríìkì, hypoteínousa ni: hy-po-teí-nou-sa, ohùn òkè wà lórí teí. Òfin wọn ni pé ohùn òkè kò gbọdọ̀ jìnnà sẹ́yìn ju sílébù kẹta lọ tí a bá kà á láti ìparí, bí fáwẹ̀lì tó parí ọ̀rọ̀ bá sì gùn, kò gbọdọ̀ kọjá ìkejì. Hypoteínousa parí sí a kúkúrú, nítorí náà ó lè dúró sí ìkẹta. Ẹ wá yí i padà kó di «ti hypotenuse»: ó á di hypoteinoúsēs. Fáwẹ̀lì ìparí ti gùn, ohùn òkè sì ti sún síwájú lọ bá noú. Yorùbá á mọ irú èyí lára: kà, rà àti gbà ń yí ohùn padà nítorí ohun tó tẹ̀ lé wọn, rà di ra ìwé. Ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n etí tó bá ti gbọ́ èyí kò ní bẹ̀rù èkejì.

Látìnì yá ọ̀rọ̀ náà, ó sọ ọ́ di hypotenusa. Òfin tiwọn ń wo sílébù tó ṣáájú ìkẹyìn: bó bá gùn, ibẹ̀ ni agbára ń bọ́ sí. Nu gùn, ó gba agbára. Àwọn èdè tó jẹ́ ọmọ Látìnì kò sì yí i padà. Ọmọ iléèwé ní Salvador ní Brazil àti ọmọ iléèwé ní Havana ní Cuba, hipotenusa ni àwọn méjèèjì ń kọ, nu ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn méjèèjì kì í pe h. Ohun tó yà wọ́n ni s: ti Brazil ń dún bíi z, ti Cuba ń dún bíi s. Gẹ̀ẹ́sì ló gé a tó kẹ́yìn dànù. Sílébù mẹ́rin ló kù, agbára sì padà sẹ́yìn lọ sórí ìkẹta láti ìparí, èyí tó jẹ́ pot. Bó ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn.

Ní orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ìṣirò, hypoténuse sì ni àwọn ọmọ Yorùbá ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ń bá pàdé nínú ìwé. Sílébù mẹ́rin lẹ́nu, kò sí h, ìkẹyìn sì ni ètè ti máa sún síwájú: ẹ gbé ètè sí u, kí ahọ́n wà níbi i. Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń da ọmọ tó ń kọ èdè méjèèjì láàmú. Àmì tó wà lórí é nínú hypoténuse kì í ṣe ohùn òkè. Faransé ń fi é kọ ohun tí a ń fi e kọ, ó sì ń fi è kọ ohun tí a ń fi ẹ kọ. Irú fáwẹ̀lì ló ń sọ, kò sọ ibi tí ohùn wà. Ọmọ tó bá gbé ohùn rẹ̀ sókè níbẹ̀ nítorí àmì yẹn, Yorùbá ló ń kà.

Ó yá, ìtumọ̀. Hypó ni «lábẹ́». Teínein ni «nà», nínà tí a ń na okùn, kì í ṣe èyí tí a ń na ọmọ. -Ousa ni «èyí tó ń», ó sì jẹ́ fún ohun tí gírámà Gíríìkì kà sí obìnrin, nítorí pé pleurá, ìyẹn ẹ̀gbẹ́, obìnrin ni lọ́dọ̀ wọn. Ẹ kó wọn jọ: ẹ̀gbẹ́ tó nà sábẹ́. Abẹ́ kí ló nà sí? Igun. Euclid, onímọ̀ ìṣirò Gíríìkì tó kọ́ni ní Alexandria ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi, kò gé e kúrú nínú àbá 47 ti ìwé kìíní nínú Elements rẹ̀, níbi tó ti fi ẹ̀rí ohun tí a ń pè ní ti Pythagoras hàn: pé ẹ̀gbẹ́ yìí lọ́nà ara rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú àpapọ̀ méjì tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́nà ara rẹ̀. Ó kọ ọ́ ní kíkún: ẹ̀gbẹ́ tó nà sábẹ́ igun 90. Àwọn méjì tó kù, ó pè wọ́n ní àwọn ẹ̀gbẹ́ tó yí igun 90 ká. Mo fẹ́ràn àwòrán yìí gan-an. Apá méjì gbá igun mọ́ra, ìkẹta nà gbalaja sí òdì kejì láti apá kan dé apá kejì. Plato, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì, ti lo hypoteínousa ní òun nìkan ṣáájú Euclid, nínú ìwé rẹ̀ Timaeus, nígbà tó ń sọ̀rọ̀ onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ yìí fi jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó kúrú jù.

Ẹ ò rí i pé kò sí «gígùn» níbẹ̀. Euclid tilẹ̀ ń lo ọ̀rọ̀-ìṣe yìí fún igun èyíkéyìí, kì í ṣe 90 nìkan. Nínú àbá 19 ti ìwé kan náà, ó ní nínú onígun mẹ́ta yòówù, ẹ̀gbẹ́ tó tóbi jù ló nà sábẹ́ igun tó tóbi jù. Ibẹ̀ ni gígùn ti wá. Igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ dígírì 180. Bí ọ̀kan bá ti mú 90, méjì tó kù ń pín 90 láàárín ara wọn, kò sí èyí tó lè tó o nínú wọn. Igun 90 ló tóbi jù, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ tó nà sábẹ́ rẹ̀ ló gùn jù. Gígùn jẹ́ àbájáde. Ìwé tó fi gígùn ṣe ìtumọ̀ ti fi ẹ̀yìn ṣáájú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: sílébù àti gbòǹgbò kì í pín ọ̀rọ̀ síbi kan náà. Gbòǹgbò ní hypo àti ten àti use. Sílébù ní hy, pot, e, nuse. T tí sílébù fi parí pot, ara teínein ni, ó kàn bọ́ sọ́wọ́ aládùúgbò. Yorùbá ń ṣe èyí lójoojúmọ́. Gbọ́mọ, láti ara gbé ọmọ: sílébù rẹ̀ méjì ni gbọ́ àti mọ. Nínú gbọ́, gb àti ohùn òkè jẹ́ ti gbé, ọ jẹ́ ti ọmọ. Ẹni tó bá fi sílébù wá ìtumọ̀ gbọ́mọ yóò rò pé ẹnì kan gbọ́ nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó rí pot nínú hypotenuse tó ń wá ìkòkò.

Àwọn kan ń kọ́ni pé tenuse túmọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, pé hypotenuse ni ẹ̀gbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ bí òpó tó gbé nǹkan ró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí tenuse kankan tó túmọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lédè Gíríìkì.

Àṣìṣe àkọtọ́ tó gbajúmọ̀ jù ni hypothenuse, tí wọ́n ki h sí ẹ̀yìn t. Kì í ṣe àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó wà nínú àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, Faransé náà sì ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Hypothesis ló kó o ràn. Ṣùgbọ́n hypothesis wá láti tithénai, «gbé kalẹ̀», tó ń lo lẹ́tà theta, θ, tí Látìnì ń kọ ní th. Teínein ń lo tau, τ, t lásán. Ohun tí a gbé kalẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ni hypothesis. Ohun tó nà sábẹ́ igun ni hypotenuse. Ẹni tó bá rántí nínà kò ní fi h sí i. Y tó tẹ̀lé h ní ìdí tirẹ̀ pẹ̀lú: upsilon ni, lẹ́tà tí Látìnì yá lọ́wọ́ Gíríìkì nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Níbikíbi tí y bá ti jẹ́ fáwẹ̀lì láàárín ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ́kọ́ fura sí Gíríìkì.

Àwọn ìbátan rẹ̀ pọ̀ láàárín ìlú. Tẹ́tánọ́ọ̀sì wá láti ara teínein, nítorí bí iṣan ṣe máa ń nà ganran tí kì í dẹ̀ mọ́. Hypotension, ìyẹn ìfúnpá tó lọ sílẹ̀ jù, hypo kan náà ló wà níwájú rẹ̀, tension tó tẹ̀lé e sì wá láti Látìnì tendere, ọmọ ìyá teínein. Ohun èlò kan náà ni wọ́n fi kọ́ ọ àti hypotenuse, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n di. Níbẹ̀, hypo ti di «kò tó», kì í ṣe «lábẹ́» mọ́. Subtend tí àwọn olùkọ́ ìṣirò máa ń lò fún igun inú òbìrí, Látìnì ló túmọ̀ hypoteínein ní ẹyọ-ẹyọ: sub, lábẹ́, tendere, nà.

Ìbátan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni tónos. Láti ara teínein ni, ó sì kọ́kọ́ jẹ́ fífà okùn le. Láti orí okùn ohun èlò orin tí a fà le ló ti di gíga tàbí ìrẹ̀lẹ̀ ìró, ìyẹn tone ti Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí a ń pè ní ohùn nínú gírámà Yorùbá. Kò sí ẹni tó yẹ kó yé ju ẹni tó mọ dùndún lọ. Awọ wà lójú méjèèjì, ọsán ló so awọ kan mọ́ èkejì yí ìlù ká. Onílù gbé e sábẹ́ apá, ó fún ọsán mọ́ra, awọ nà, ìró gòkè. Ó dẹ ọwọ́, awọ dẹ̀, ìró wálẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe nà sí ni ohùn rẹ̀ ṣe ga sí. Gíríìkì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó méjèèjì pọ̀. Nítorí náà hypotenuse àti àmì tí mo ń fi sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà yìí, ìdílé kan ni wọ́n.

Àmì náà gan-an, ibẹ̀ ló ti wá. Aristophanes ará Byzantium, tó tọ́jú ibi ìkówèésí Alexandria ní nǹkan bí ọdún 200 ṣáájú ìbí Kristi, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì ohùn sórí Gíríìkì. Èyí tó ń fi ohùn òkè hàn, wọ́n pè é ní oxeîa, «èyí tó mú». Èyí tó dojú kọ ìsàlẹ̀ ni bareîa, «èyí tó wúwo». Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ọ̀nà láti kọ ohùn Yorùbá sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn àmì méjì yìí náà ni wọ́n gbé lò. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún wa sún mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún Gíríìkì ju èyí tí Faransé ń fi wọ́n ṣe lọ. Ní ti Gíríìkì òde òní, ohùn ti kúrò níbẹ̀, agbára lásán ló kù: i-po-tí-nu-sa ni wọ́n ń pè é báyìí, h ti sọnù, y àti ei méjèèjì ti di i. Sílébù ṣì jẹ́ márùn-ún.

Kì í ṣe Gíríìkì nìkan ló rí okùn níbẹ̀. Lárúbáwá, watar ni wọ́n ń pe ẹ̀gbẹ́ yìí, ó sì tún jẹ́ ọsán ọrun tí ọdẹ ń fà. Ṣáínà ń pè é ní xián, okùn ọrun tàbí ti ohun èlò orin. Ọsán wà lọ́wọ́ wa, fún ọrun àti fún dùndún, kò sì sí ohun tó ní kí a má lò ó. Bí ó bá jẹ́ pé ìtumọ̀ Gíríìkì gan-an la fẹ́, à- àti a- ti Yorùbá lágbára tó: bí a ṣe ní apẹja àti akọ̀wé, a lè ní anàsábẹ́. A-nà-sá-bẹ́, sílébù mẹ́rin, igun sì ti wà nínú ìtàn rẹ̀. Èmi á mú anàsábẹ́ fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ọmọ á béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé, «abẹ́ kí ni?» Ìbéèrè tó yẹ kó béèrè nìyẹn.

Nítorí pé «lábẹ́» yẹn kì í ṣe ìsàlẹ̀ bébà. Ọmọ tó bá ti mọ onígun mẹ́ta kan ṣoṣo, èyí tí igun 90 rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lápá òsì, á máa wá ìlà tó dagun. Ẹ yí bébà náà po títí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù fi sùn sílẹ̀ gbalaja, á dárúkọ ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Ọ̀nà tó dájú ni kí a fi ìka kan igun 90, kí a tọ́ ìka náà síwájú gba inú onígun mẹ́ta kọjá. Ẹ̀gbẹ́ tó bá kọ́kọ́ kàn lódì kejì ni. Ẹ̀gbẹ́ méjì tó bá fara kan igun yẹn kò lè jẹ́ òun láéláé. Àṣìṣe kejì tẹ̀ lé e: kí wọ́n fún ọmọ ní 13 gẹ́gẹ́ bí hypotenuse àti 5 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbẹ́ kan, kó wá ro méjèèjì pọ̀. 13 lọ́nà 13 jẹ́ 169, 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25. Yíyọ la máa yọ ọ́, nítorí 169 ni àpapọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ku 144, ẹ̀gbẹ́ tó sọnù sì jẹ́ 12. Bí ìdáhùn bá ga ju 13 lọ, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ láì tíì wo ẹ̀yìn ìwé.

Bíríkìlà tó ń fa ìlà ìpìlẹ̀ ń na ẹ̀gbẹ́ yìí ní tòótọ́. Ó kan èèkàn sí igun ilé, ó na okùn gba ọ̀nà ògiri kìíní, ó sàmì sí mítà 3. Ó na òmíràn gba ọ̀nà ògiri kejì, ó sàmì sí mítà 4. Láti àmì dé àmì gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 5. Bí kò bá tó 5, igun náà ti há, kí ó ti okùn kejì síta. Bó bá ju 5 lọ, kí ó fà á wọlé. 3 àti 4 kò gbọdọ̀ yẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń ṣe èyí. Ìṣó ni kí ó kàn sórí èèkàn, kí ó sì máa wọn láti ara ìṣó, kì í ṣe láti etí igi, nítorí sísanra èèkàn á wọ inú ìwọ̀n. Okùn ọ̀rá máa ń fà. Téèpù ni kí ó fi wọ̀n, kí okùn kàn jẹ́ fún ìlà. Bí ilẹ̀ bá dagun, téèpù gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kì í ṣe kó tẹ̀ lé ilẹ̀.

Ẹ wo ohun tí sẹ̀ǹtímítà 5 ń ṣe. Bí anàsábẹ́ bá jẹ́ mítà 5 àti sẹ̀ǹtímítà 5 dípò mítà 5, igun náà ti di dígírì 91 àti díẹ̀. Kò jọ nǹkan kan lójú. Ní ìparí ògiri mítà 12, ó ti yà kúrò lójú ọ̀nà ní sẹ̀ǹtímítà 25. Bí bíríkìlà bá lo 6, 8 àti 10, tó sì ṣi sẹ̀ǹtímítà 5 kan náà, ìyàkúrò náà dín sí bíi ìdajì, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 àti ààbọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ kì í fi 3, 4, 5 ẹsẹ̀ bàtà wọn ilé ńlá. Lẹ́yìn tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti dúró, kí wọ́n wọn ìdábùú ilé láti igun sí igun, lọ́nà méjèèjì. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ibì kan ṣì wà tó yẹ̀. Ẹni tó bá fo èyí kò ní rí àṣìṣe rẹ̀ nínú ìpìlẹ̀, kò ní rí i lára ògiri. Káfíńtà ló máa rí i, lọ́jọ́ tó bá gun òkè lọ to igi òrùlé, tí apá kan kúrú, tí apá kejì ṣẹ́kù.